Olùkọ́ Tí Ó Ní Kí Ẹlẹ́ṣin Dẹwọ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Federico Caprilli (1868–1907)

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gun ẹṣin tí ó ní òun kò ní ju ìpàkọ́, ẹṣin tí ó gùn ni yóò bá a jù ú. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì mọ ibi tí a máa ń lò ó sí: ipò gíga ní ohun tí ó máa ń mú ènìyàn ṣe, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ sílẹ̀ ná, kí á mú òwe náà bí ó ti rí gan-an lórí gàárì. Ohun tí ó ń wí ni pé bí ẹṣin bá ti gbé ẹsẹ̀, ara ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò gbọ́ èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn kò jìnnà sí ohun tí òwe yìí ń wí. Federico Caprilli ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ítálì ni, ọmọ-ogun ni, olùkọ́ ẹṣin gígùn sì ni pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àwọn akẹgbẹ́ mi kan yóò máa béèrè ohun tí ó kan ọmọ Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ìtàn òyìnbó ẹlẹ́ṣin. Wọn kò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Ẹni tí ó bá mọ ìlú wa yóò mọ Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ ní ojúde rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé mi gun ẹṣin kan ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn àjọ̀dún náà, kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé-ìwé. Ẹṣin náà kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni ẹ̀rù bà. Mo di okùn ìjánu mú bí ẹni tí odò ń gbé lọ tí ó rí ẹ̀ka igi, mo sì ń fà á. Bí mo ti ń fà á ni ẹṣin ń gbé orí sókè, tí ó ń la ẹnu, tí ó ń fi ẹ̀yìn rìn, títí mo fi já bọ́ sórí iyanrìn. Màálàmù tí ó ń tọ́jú ẹṣin náà gbé mi dìde. Kò bá mi wí. Ó kàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe fún mi pé ọwọ́ mi ni ó fa gbogbo wàhálà náà, àti pé bí mo bá ti dẹwọ́ ni, ẹṣin ìbá dúró jẹ́ẹ́.

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi wọ yunifásítì. Nígbà tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ kékeré kan lórí àwọn òwe tí ó jẹ mọ́ ẹṣin, mo wọ ilé-ìkàwé lọ láti wá ìwé tí yóò là mí lóye bí a ti ń gun ẹṣin gan-an, nítorí pé n kò fẹ́ máa ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Caprilli. Mo rí i pé ohun tí Màálàmù náà fi ọwọ́ júwe fún mi ní ìṣẹ́jú kan ni ọkùnrin yìí bá àwọn ọ̀gá ẹlẹ́ṣin ìgbà ayé rẹ̀ fà títí, ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú kí èmi tó já bọ́.

Ìlú Livorno ni a ti bí i ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1868. Ìlú etí òkun ni Livorno, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ju ẹṣin lọ. Ọdún 1861 ni àwọn ìjọba kéékèèké ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ para pọ̀ di Ítálì kan, ọdún méjì lẹ́yìn tí a bí Caprilli ni wọ́n sì tó gba Róòmù mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè tuntun nílò àwọn ọ̀gá ológun tuntun. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ọmọ náà sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Florence, ó parí rẹ̀ ní Modena, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin ní ọdún 1888, nígbà tí ó di ọmọ ogún ọdún. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Pinerolo, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turin, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Alps, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ náà wà láti ọdún 1849.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó bá nílẹ̀ kò lè mọ ohun tí ó tún ṣe. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi ògiri yíká ni wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ẹṣin gígùn nígbà náà. Wọ́n ń kọ́ ẹṣin láti ká ọrùn sínú, kí ó kó ara rẹ̀ jọ, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ bí oníjó. Irin ìjánu tí ó le ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kẹ́sẹ́ sì wà ní gìgísẹ̀ ẹlẹ́ṣin. Ẹwà wà nínú rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹṣin bá fẹ́ fo ọgbà, àṣẹ tí ẹlẹ́ṣin ń gbà ni pé kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú, kí ó sì fa ìjánu mọ́ra. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin, wọ́n rí i pé ó tín-ín-rín. Wọ́n wá rò pé bí ẹrù ẹlẹ́ṣin bá bọ́ lé e nígbà tí ẹṣin ń balẹ̀, yóò kán. Nítorí náà wọ́n fẹ́ kí ẹṣin fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn balẹ̀. Ẹni tí ó bá wo àwọn àwòrán ọdẹ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún yóò rí wọn: ọkùnrin onífìlà gíga tí ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí ó jókòó sí àga ìrọ̀gbọ̀kú, tí ẹṣin abẹ́ rẹ̀ sì la ẹnu sí ojú ọ̀run.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ojú ènìyàn ti ń wo ẹṣin láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá, síbẹ̀ kò rí i. Ní ọdún 1878, Eadweard Muybridge to àwọn ẹ̀rọ ayàwòrán sí ẹ̀bá ọ̀nà ní California, ó ya ẹṣin tí ó ń sáré ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, ó sì hàn pé kò sí ìgbà kankan tí ẹṣin tí ó ń sáré na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde nínú afẹ́fẹ́ bí àwọn ayàwòrán ti ń yà á. Bí wọ́n bá ṣi eré sísá mú bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣi fífò náà mú?

Ọ̀nà yìí ni Caprilli gbà. Ó ń wo ẹṣin tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó fo ìdènà fúnra rẹ̀, ó sì ń wo àwọn àwòrán fọ́tò. Ohun tí ó rí kò le rárá. Ẹṣin tí ó wà ní òmìnira ń na ọrùn àti orí síwájú nígbà tí ó bá ń fò, bí ènìyàn tí ó ń rìn lórí afárá onígi kan ti ń na apá méjèèjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun. Nígbà tí ó bá sì ń balẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ nígbà gbogbo, láìka ohun tí ẹlẹ́ṣin ń ṣe lórí rẹ̀ sí. Nítorí náà gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá ń kọ́ni láti fi gba ẹsẹ̀ iwájú là kò gbà á là. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi ìdí ẹlẹ́ṣin gbá ẹ̀yìn ẹṣin ní àkókò tí ẹ̀yìn náà fẹ́ tẹ̀, ó sì ń fa ẹnu rẹ̀ ní àkókò tí ọrùn fẹ́ nà. Láti ibẹ̀ ni Caprilli ti dé ibi tí mo kà sí òkodoro ẹ̀kọ́ rẹ̀: kì í ṣe ọgbà ni ẹṣin ń sá fún. Ìyà tí ẹlẹ́ṣin ń fi jẹ ẹ́ lókè ọgbà ni ó ń sá fún. Ẹṣin tí ó kọ̀ láti fò rántí ẹnu tí ó dùn ún ní àná.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ ro ohun tí ó túmọ̀ sí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti máa sọ èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní òdìkejì rẹ̀. Kò rọrùn. Wọ́n ń gbé e láti inú ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn, títí ó fi dé gúúsù Ítálì, tí ó jìnnà sí Pinerolo. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣàì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ obìnrin níbí, nítorí pé wọ́n mọ Caprilli sí ẹni tí obìnrin fẹ́ràn, tí òun náà sì fẹ́ràn wọn. N kò ní dúró síbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé nígbà tí ó wà láàárín àwọn ọmọ-ogun lásán ni ó rí àyè dán ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kan gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ di olùkọ́. Ẹ̀kọ́ inú gbọ̀ngàn àtijọ́ ń fẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n gbé sórí ẹṣin láti ọmọ ọdún márùn-ún lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ìjọba ń mú sí iṣẹ́ ogun. Ọdún díẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọn yóò sì padà sí oko wọn. Bí wọ́n bá fi ọdún wọ̀nyí kọ́ wọn ní ìdámẹ́wàá iṣẹ́ ọnà tí ó le, wọn kò ní mọ iṣẹ́ ọnà náà, wọn yóò kàn mọ bí a ti ń fa ẹnu ẹṣin ni. Caprilli sọ pé èyí kò bójú mu. Ó ní ọ̀nà tí ó yẹ ni èyí tí gbogbo ọmọ-ogun lè kọ́ láàárín àkókò tí ó ní, tí kò ní ba ẹṣin jẹ́, tí yóò sì ṣiṣẹ́ ní pápá níbi tí kòtò àti gegele wà, kì í ṣe lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ ní ìtẹ́jú. Àwa náà mọ̀ nípa ogun ẹlẹ́ṣin. Ẹṣin wà lára ohun tí Ọ̀yọ́ Ilé fi di alágbára ní ilẹ̀ ọ̀dàn, láti òkè ọya ni wọ́n sì ti ń rà á, nítorí pé àìsàn tí eṣinṣin inú igbó ń kó ràn án kì í jẹ́ kí ó pẹ́ ní ìhà gúúsù. Ẹni tí ó ba ẹṣin ogun jẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré ni òun bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ará Ítálì náà.

Bí ó ti ń kọ́ni nìyí. Ó gé okùn irin àfẹsẹ̀tẹ̀ ara gàárì kúrú, kí orúnkún ẹlẹ́ṣin lè ká, kí ó sì lè fi orúnkún àti itan di gàárì mú. Ó ní kí ẹlẹ́ṣin gbé ìdí kúrò lórí gàárì bí ẹṣin bá ti ń fò, kí ó tẹ àyà síwájú, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ òun tẹ̀ lé ẹnu ẹṣin lọ síbi tí ẹnu náà bá fẹ́ lọ. Bí ẹṣin bá na ọrùn, kí ọwọ́ nà. Bí ó bá ká a padà, kí ọwọ́ padà. Ẹṣin ogun lè tó 500 kilo, ẹlẹ́ṣin àti ẹrù rẹ̀ kéré púpọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹrù kékeré yìí bá wà lórí ẹ̀yìn ẹṣin ni yóò sọ bóyá ẹṣin yóò lè fò tàbí kò ní lè fò. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pọn ọmọ rí.

Kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi gíga. Igi tí wọ́n gbé sílẹ̀ ni ẹṣin yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ dá kọjá, lẹ́yìn náà èyí tí ó ga díẹ̀, lójoojúmọ́, láìjẹ́ kí ó rẹ ẹṣin. Ó fẹ́ kí ẹṣin fúnra rẹ̀ máa wọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ kí ó tó fò, kí ẹlẹ́ṣin má ṣe bá a wọ̀n ọ́n. Èyí ni ó bí àwọn alátakò rẹ̀ nínú jù, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì fún ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé kò dẹ okùn fún akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ẹṣin ni ó ń fi sílẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ni ó ń ṣòfin fún, wákàtí lórí wákàtí, nítorí pé kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ lórí ohun tí ń fò, kí ó má sì di ohunkóhun lọ́wọ́, ó le ju kí ó máa fà á lọ. Mo lè jẹ́rìí sí i.

Òun fúnra rẹ̀ sì máa ń ṣe é kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe é. Fọ́tò kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹlẹ́ṣin tẹ̀ jáde, tí ó fi hàn bí ó ti ń gun ẹṣin fo àga ìjókòó lásán kan tí wọ́n gbé sí àárín pápá. Àga náà kò ga. Ṣùgbọ́n kò fẹ̀ ju ara ẹṣin lọ, kò sì sí ògiri tàbí igi lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì tí yóò dá ẹṣin dúró bí ó bá fẹ́ yà. Ẹṣin náà kò yà.

Ibi kejì tí ẹ̀kọ́ yìí ti gbilẹ̀ ni Tor di Quinto, lẹ́yìn òde Róòmù, ní ẹ̀bá odò Tiber. Ọdún 1891 ni wọ́n dá ẹ̀kọ́ ẹlẹ́ṣin pápá sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun tí wọ́n ti parí ní Pinerolo ni wọ́n ń lọ síbẹ̀ láti fi ẹṣin la pápá, odò kéékèèké àti ọgbà àwọn àgbẹ̀ kọjá. Gegele kan wà níbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn: ó dà gẹ̀rẹ́ bí ògiri ilé, ẹlẹ́ṣin yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Òfin Caprilli kò yí padà níbẹ̀. Bí a tilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, iwájú ni kí àyà ẹlẹ́ṣin kọ sí. Àwọn àlejò tí ó rí i rò pé wọn yóò fi orí gúnlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀yìn ẹṣin bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù, yóò lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bíréèkì, yóò sì yọ̀ kalẹ̀ gẹ́lẹ́ńjẹ́.

Ní ọdún 1901 ni ó kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Ítálì, Rivista di Cavalleria. Ohun tí ó kọ kò pọ̀. Wọ́n ní kò fẹ́ràn láti máa jókòó ti tábìlì, mo sì gbà á gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan: ó sọ ohun tí ó rí, ó sọ ohun tí kí a ṣe, ó dákẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìdíje ẹlẹ́ṣin àgbáyé kan wáyé ní Turin. Caprilli gun ẹṣin kan tí ń jẹ́ Melopo, ó sì fo ìdènà tí ó ga tó 2.08 mítà. Ọkùnrin gíga kan lè dúró lẹ́yìn irú ìdènà bẹ́ẹ̀ kí a má rí fìlà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jiyàn pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò rí ohun púpọ̀ wí mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ilẹ̀ Ítálì fi gba ọ̀nà rẹ̀ wọlé, ó sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní ipò olùkọ́ báyìí. Àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun láti ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọdún tí ó fi gbádùn ìṣẹ́gun náà kò tó nǹkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 1907, ní ìgbà òtútù, ó ń gun ẹṣin kan ní Turin. Kò sí ọgbà níbẹ̀, kò sí gegele. Ẹṣin ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó já bọ́, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀ tí òtútù ti sọ di òkúta, kò sì tún dìde mọ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni ó kú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á dé ibí yìí, mo pa ìwé náà dé, ó sì dùn mí bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe nítorí ikú náà nìkan. Ohun tí mo ń rò ni pé ọkùnrin yìí kò fi ìwé ńlá kankan sílẹ̀. Àpilẹ̀kọ mélòó kan àti àkọsílẹ̀ ṣókí-ṣókí ni. Gbogbo ìyókù wà ní orí àwọn tí ó kọ́. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ti lọ gba ohùn àwọn oníjàálá àti àwọn babaláwo sílẹ̀ ní àwọn ìsinmi wa mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ mọ bí ó ti ń rí bí a bá dé ilé bàbá kan, tí wọ́n sì sọ fún wa pé ó ti kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Caprilli kò bá a lọ sí sàréè. Láti ẹnu dé etí, láti ara dé ara, ni ó gbà. Ọ̀gá ọmọ-ogun kan láti Róṣíà, Paul Rodzianko, wá kọ́ ọ ní Ítálì, ó sì gbé e lọ sí ilé. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun Róṣíà gba ife-ẹ̀yẹ Ọba Edward Keje ní London ní ọdún 1912, 1913 àti 1914, Rodzianko sì wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn ni, wọ́n sì gba ife náà pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ilẹ̀ wọn dojú dé. Rodzianko di ìsáǹsá, ó sì di olùkọ́ àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Ireland ní ọdún 1928. Bí ohun tí ọmọ Livorno rí nínú pápá ṣe dé Dublin nìyẹn, láti ẹ̀yìn ọmọ Róṣíà. Láti Amẹ́ríkà, Harry Chamberlin lọ sí Ítálì lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ó kọ́ ọ, ó padà sílé, ó sì gba wúrà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1932. Ní ti àwọn ará Ítálì fúnra wọn, Tommaso Lequio gba wúrà fífo ìdènà ní Ìdíje Òlíḿpíìkì ti Antwerp ní ọdún 1920, ọmọ Ítálì mìíràn sì tẹ̀ lé e ní ipò kejì.

Ìdíje tí Chamberlin gba wúrà rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo lè bá Caprilli jiyàn lé. Ìdíje oní-ìdánwò-mẹ́ta ni. Ẹlẹ́ṣin kan àti ẹṣin kan náà ni yóò ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ẹṣin yóò fi ìgbọràn àti ìrìn ẹ̀yẹ hàn nínú pápá kékeré. Nínú ìkejì, yóò la igbó àti odò kọjá, yóò máa fo igi ńlá àti kòtò tí kò lè wó lulẹ̀. Nínú ìkẹta, yóò fo àwọn ọ̀pá tí ń já bọ́ bí a bá fi ẹsẹ̀ kàn án, kí àwọn adájọ́ lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ṣì dá lẹ́yìn làálàá. Láti inú iṣẹ́ ogun ni ó ti wá, Stockholm ní ọdún 1912 ni ó sì ti kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ológun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe é níbẹ̀. Ọdún 1964 ni obìnrin tó kọ́kọ́ kópa nínú rẹ̀, Lana du Pont ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìdánwò kejì yìí, ti Caprilli ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tí ó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lókè ọgbà bí ti àtijọ́ mọ́, àfi bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kìíní ńkọ́? Láti inú gbọ̀ngàn tí Caprilli sá fún ni ó ti wá. Ó ti sọ gbangba pé ẹ̀kọ́ inú gbọ̀ngàn àti ẹ̀kọ́ pápá kò lè gbé inú ẹṣin kan náà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e rí i pé wọ́n lè gbé e. Ẹlẹ́ṣin òní ń fa irin àfẹsẹ̀tẹ̀ gùn fún ọjọ́ kìíní, ó jókòó ṣinṣin lórí gàárì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó gé e kúrú, ó gbé ìdí sókè, ó di ọmọ Caprilli. Èrò tèmi ni pé ọkùnrin náà ju ohun púpọ̀ nù ju bí ó ti yẹ lọ. Ìbínú sí ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe ni ó jẹ́ kí ó rí i bẹ́ẹ̀, tàbí bóyá nítorí pé ọmọ-ogun tí kò ní àkókò ni ó ń rò. Olùkọ́ mi kan tí mo fi iṣẹ́ yìí hàn kò gbà. Ó ní bí kò bá jù ú nù pátápátá, wọn kì bá tí gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Tokyo ní ọdún 1964 yìí kan náà, ọmọ Ítálì kan, Mauro Checcoli, ni ó gba wúrà ìdíje oní-ìdánwò-mẹ́ta náà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ṣe, ti gbọ̀ngàn pẹ̀lú.

Ní ti àwọn àkọsílẹ̀ náà, Piero Santini, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Ítálì, ni ó kó wọn jọ, tí ó sì túmọ̀ wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti àwọn ọdún 1930 ni Santini ti ń kọ ìwé tirẹ̀ lórí ọ̀nà yìí. Ọdún 1967 ni àwọn àkọsílẹ̀ Caprilli fúnra rẹ̀ tó jáde ní ìwé kan ní London, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ó ti kú. Ìwé kékeré ni. Mo kà á tán láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, mo sì tún un kà.